Alẹ́ Halloween Tí Fíìmù Sọ́ńbì Olówó Pọ́ọ́kú Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Ìjà Sílẹ̀ Nílé Wa

A ti wo ìṣẹ́jú bíi 25 nínú fíìmù náà nígbà tí àbúrò mi dìde, tó na ọwọ́ sí rìmóòtù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, eléyìí ò dáa. Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan mìíràn."

Kò sẹ́ni tó gbè mí lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń tẹ fóònù tipẹ́. Àǹtí wa, tí ẹ̀rù fíìmù òkú máa ń bà, ní ẹ̀rù ọ̀hún ò tilẹ̀ ba òun mọ́, oorun ló ń kun òun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó wá bá wa wò ó ń wo ojú ara wọn. Ọmọ Àǹtí, ọmọ ọdún 15, nìkan ló ṣì tẹjú mọ́ ọn, òun náà sì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Kí ló dé tí wọ́n kàn dúró tí wọn ò sọ nǹkan kan?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè ọmọ yẹn ju bó ṣe lè mọ̀ lọ. Mi ò lè dá a lóhùn lásìkò náà, torí ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ìyókù fíìmù.

Mo ń kọ bọ́rọ̀ ṣe lọ lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù October yẹn sílẹ̀ ní kíkún nítorí àwọn tó ń wá fíìmù tí wọ́n máa fi ṣe àlejò ní Halloween pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì mú fíìmù yìí, wọ́n á sì bá ara wọn níbi tí mo bá ara mi yẹn. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó dá kíkà dúró níbí, kó lọ wò ó kó tó padà wá. Mi ò lè ròyìn ọ̀rọ̀ yìí láìtú àṣírí rẹ̀, àṣírí ọ̀hún sì dùn jù kéèyàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Orúkọ fíìmù náà ni Kamera o Tomeru na!, ìyẹn "Ẹ má dá kámẹ́rà dúró!" One Cut of the Dead ni àwọn tí kò gbọ́ èdè Japan mọ̀ ọ́n sí. Shinichiro Ueda ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló to àwòrán rẹ̀ pọ̀. Ọdún 2017 ló kọ́kọ́ jáde ní Tokyo. Ìṣẹ́jú 96 ni gígùn rẹ̀. Mílíọ̀nù 3 yen ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan bíi 25,000 dọ́là Amẹ́ríkà, ọjọ́ 8 péré sì ni wọ́n fi ya á. Kò sí gbajúmọ̀ òṣèré kankan nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ eré ṣíṣe ní Tokyo, ENBU Seminar, ni iṣẹ́ náà ti jáde, àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló sì ṣeré nínú rẹ̀. Ueda kọ́kọ́ mú àwọn òṣèré rẹ̀ ná, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe rí, kó tó wá kọ ipa kálukú bá ìwà rẹ̀ mu.

Ìdí tí mo fi mú un kò ṣòro. Alẹ́ Halloween nílé wa kì í rọrùn láti tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Ọmọ ọdún 15 fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ ohun tí á jí òun lóru. Àbúrò mi fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn fíìmù tó ní ọgbọ́n nínú. Tí èèyàn bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, fíìmù sọ́ńbì tó ń pani lẹ́rìn-ín ló kù. Sọ́ńbì ni mo ń pe òkú inú rẹ̀ o, mi ò pè é ní àkúdàáyà, torí àkúdàáyà a máa sọ̀rọ̀, a máa ṣòwò, a tilẹ̀ máa fẹ́yàwó bímọ níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Sọ́ńbì kò mọ̀ ju kó la ẹnu kó máa bọ̀ lọ.

Mo tún fẹ́ràn bí sọ́ńbì ṣe jẹ́ ẹranko ẹlẹ́rù tí owó kékeré tó láti ṣe. Dírágónì gba kọ̀ǹpútà àti owó ńlá. Sọ́ńbì kò gbà ju èèyàn tó lè wọ́ ẹsẹ̀, pàǹkéèkì díẹ̀ àti omi pupa. Òṣèré tí wọ́n bá pa níbẹ̀rẹ̀ lè dìde padà wá dẹ́rù ba àwọn tó kù, owó iṣẹ́ ẹnì kan á sì ṣe ipa méjì. Nígbà tí George Romero ṣe Night of the Living Dead ní 1968, fíìmù dúdú-àti-funfun ni, wọ́n sì fi omi ṣokoléètì ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bíi 114,000 dọ́là ni wọ́n ná sí i. Àtìgbà náà ni àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ti ń sá tọ sọ́ńbì lọ, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ni kò sì dáa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bínú sí àbúrò mi. Ó ti wo púpọ̀ nínú wọn, ó sì rò pé ọ̀kan nínú wọn nìyí.

Èmi ti dá wò ó lẹ́ẹ̀kan kí alẹ́ yẹn tó dé. Torí náà, bí ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, mo fà bébà kan sún mọ́ra, mo ń kọ ọ́. Wọ́n rò pé mo ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi.

Báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀dọ́bìnrin kan di àáké mú, sọ́ńbì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Lójijì, ohùn kan ní kí wọ́n dúró. Iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n ń ṣe, inú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń sẹ́ omi mọ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti pa tì, ni wọ́n wà, ìgbà 42 sì nìyẹn tí wọ́n máa ya ìran kan ṣoṣo yẹn. Olùdarí wọn kò tíì rí ẹ̀rù gidi lójú ọmọbìnrin náà. Ó pariwo mọ́ ọn, ó pariwo mọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe sọ́ńbì náà, ó bọ́ síta pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n sinmi díẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, sọ́ńbì gidi dé. Olùdarí kò sá. Inú rẹ̀ ń dùn ni. Ẹ̀rù tó ń wá ti dé. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sá kiri ilé náà, tí kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé wọn láìdúró. Ìṣẹ́jú 37 ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yà á lọ, wọn ò gé e níbì kankan.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni ti ọmọ yẹn: wọ́n kàn dúró. Òṣèré obìnrin, òṣèré ọkùnrin àti obìnrin tó ń kun ojú fún wọn wà nínú yàrá, kálukú ń wo kálukú, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Ọ̀kan wá béèrè ohun tí èkejì máa ń ṣe nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Obìnrin akunjú yẹn ní òun ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà di òun mú láti ẹ̀yìn, ó sì já ara rẹ̀ gbà pẹ̀lú ariwo "Pon!" Àǹtí béèrè pé kí ni eléyìí fẹ́ dà. Mo kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń gba ohùn fún wọn dìde lójijì, ó ní òun fẹ́ jáde. Sọ́ńbì wà níta. Wọ́n di ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ó ń jìjàkadì láti jáde bí ẹni pé nǹkan ń pè é. Ó sì jáde lóòótọ́. "Irú ìwà òmùgọ̀ wo nìyí?" Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́.

Olùdarí inú fíìmù kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ó wo ojú àwa tí à ń wò ó, ó ké pé òun ò ní dá kámẹ́rà dúró. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ta sí ojú kámẹ́rà, ọwọ́ kan sì yọ látẹ̀yìn, ó nù ún kúrò. Ọwọ́ ta ni? Kámẹ́rà ṣubú lulẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, à ń wo koríko, ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó sì dìde, ìwà rẹ̀ ti yí padà: ó ń sún mọ́ ojú èèyàn fìrì, ó tún ń padà sẹ́yìn fìrì, kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà ké, ó ké, ó ké títí ìyàwó àbúrò mi fi gbé ojú kúrò lórí fóònù láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀. Ó sá sí abà kékeré kan, ó bá àáké níbẹ̀, ó ní oríire òun ni. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà tí sọ́ńbì ń lé e?

Ibí yìí ni àbúrò mi ti dìde.

Ohun tí mo sọ fún un kò pọ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, fún mi títí orúkọ àwọn òṣèré á fi jáde. Tó bá jáde tí o ṣì fẹ́ pa á, màá fúnra mi pa á." Ó wo aago, ó jókòó, kò gbé rìmóòtù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyókù kò ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Nínú ìṣẹ́jú 12 yẹn, àwọn tó kù kú, ọmọbìnrin náà gé orí olólùfẹ́ rẹ̀ tó ti di sọ́ńbì lórí òrùlé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ kan náà ti jáde lẹ́nu wọn léraléra, ó sì dúró sáàárín àmì kan tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ yà sílẹ̀. Kámẹ́rà gòkè lọ sókè rẹ̀ láti wò ó látòkè, ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó. Orúkọ àwọn òṣèré jáde.

"Ó ti parí? Ọpẹ́ ni," Àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń nawọ́ wá bàtà rẹ̀.

Kò tíì parí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 59 ló kù, ìyẹn sì ju èyí tí a ti wò lọ. Ọ̀rọ̀ kan jáde lójú àwòrán pé oṣù kan ṣáájú ni a padà sí.

Apá kejì yìí ló kó mi láyà sókè jù, ju apá kìíní lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ariwo kò sí. Olùdarí tó ń pariwo yẹn ni a tún rí, ṣùgbọ́n ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, Higurashi lorúkọ rẹ̀, Takayuki Hamatsu ló ṣe é. Iṣẹ́ kéékèèké ló ń gbà, ọ̀rọ̀ tó sì fi ń polówó ara rẹ̀ ni pé iṣẹ́ òun yá, kò wọ́n, ó sì mọ níwọ̀n. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun kan tó fẹ́ máa gbé kìkì sọ́ńbì jáde bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ kan: fíìmù sọ́ńbì tí wọ́n máa gbé sáfẹ́fẹ́ ní tààrà, láìgé, láìdá kámẹ́rà dúró. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣe òṣèré rí, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ torí pé tó bá ti wọ inú ipa kan, kò mọ bí á ṣe jáde mọ́. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ di olùdarí, kò sì gba gbẹ̀rẹ́, débi tí wọ́n fi ń lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá àti ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn èèyàn mi dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tó dára ni. Mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi kan ti tẹ̀ síwájú. Ó rí ìyàwó Higurashi nílé tó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tó ké "Pon!", ó sì yíjú wò mí. Mi ò wò ó padà. A rí ẹni tó máa gba ohùn, tó ń ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn pé irú omi kan wà tí inú òun kì í gbà. A rí òṣèré àgbàlagbà kan tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. A rí ayakámẹ́rà tí ẹ̀yìn ń dùn, àti ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun náà gbé kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, ọkùnrin tó yẹ kó ṣe ipa olùdarí àti obìnrin tó yẹ kó ṣe ipa akunjú ní ìjàǹbá mọ́tò. Àsìkò ti tó. Higurashi wọ ipa olùdarí fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó kàn wá wòran, wọ ipa akunjú.

Ibi tí fíìmù wá gùn dé nìyẹn. Kámẹ́rà kan tí a kò rí tẹ́lẹ̀ wà lẹ́yìn ìran, ìṣẹ́jú 37 yẹn sì tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ la wà báyìí.

Mi ò lè ṣàpèjúwe ẹ̀rín tó bẹ́ nílé wa. Gbogbo ohun tó wà lórí bébà mi ló ń gba ìdáhùn. Wọ́n kàn dúró nínú yàrá torí pé ẹni tó yẹ kó wọlé ti mu ọtí yó, ó ti sùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọ́ ọ bí àpò kí wọ́n lè kun ojú rẹ̀. Olùgbohùn yẹn mu omi tí inú rẹ̀ kì í gbà, ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n ni, kò bìkítà bóyá sọ́ńbì wà níta. Ariwo tí olùdarí pa mọ́ òṣèré méjì yẹn níbẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ìwé eré. Ìbínú tó ti ń gbé mì láti oṣù kan ló bú jáde, orí afẹ́fẹ́ ló sì ti bú jáde. Kámẹ́rà ṣubú torí pé ẹ̀yìn ayakámẹ́rà kọ̀ ọ́, ọmọbìnrin olùrànlọ́wọ́ ló gbé e, ìdí nìyẹn tí ìwà kámẹ́rà fi yí padà. Igbe tí kò dáwọ́ dúró yẹn, ìyàwó Higurashi ló fà á: ó ti wọ inú ipa tí kò lè jáde, kò ka ìwé eré sí mọ́, àwọn tó kù sì ń wá bí wọ́n á ṣe mú un dákẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin ń fi igbe ra àsìkò fún wọn ni.

Àbúrò mi, tó di rìmóòtù mú bí ẹni di àáké mú, jù ú sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá ti yọjú, ó ń ké pé, "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!" Ẹni tó bá ti bínú sí nǹkan gan-an ló máa ń gbádùn ìdáhùn rẹ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀ tó tẹ fóònù kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Kò rí ọ̀pọ̀ nínú apá kìíní, torí náà kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ san padà fún un. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Èdè Japan ni wọ́n ń sọ, ìsàlẹ̀ àwòrán ni ìtumọ̀ wà, ẹni tó bá gbé ojú kúrò ti pàdánù ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nígbà náà ni kírénì wó. Ìran tó gbẹ̀yìn, tí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ lọ sókè, kírénì ni wọ́n fẹ́ fi yà á, kírénì sì ti já bọ́ láti orí òrùlé. Alábòójútó iṣẹ́ ní kí wọ́n pa ìran náà tì, ta ló máa mọ̀? Higurashi gbà, bó ṣe máa ń gbà fún gbogbo èèyàn, ojú rẹ̀ sì dúdú. Ọmọ rẹ̀ rí fọ́tò kan tí bàbá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìwé eré: òun náà ni, nígbà tó wà lọ́mọdé, ó jókòó lórí èjìká bàbá rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gun ẹ̀yìn ara wọn, èèyàn lórí èèyàn: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bò, ẹni tí wọ́n ti pa nínú eré, ẹni tí ọtí kò tíì dá lójú rẹ̀. Lókè pátápátá, bàbá gbé ọmọ sí èjìká, ọmọ gbé kámẹ́rà sókè. Ìdí tí àwòrán fi ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó nìyẹn. Ara èèyàn ni kírénì.

Àǹtí kò wá bàtà mọ́. Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní ẹ̀rín ló fà á. Mo wà nítòsí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀rọ̀ wá dé lórí ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, torí nígbà tí orúkọ ń jáde lẹ́ẹ̀kejì, fíìmù náà fi àwọn òṣìṣẹ́ gidi hàn, àwọn tó ya ìran ìṣẹ́jú 37 yẹn lóòótọ́, tí wọ́n ń sáré, tí òógùn bò wọ́n, tí wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ síbi tó yẹ kó dà sí. Ipele mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn tí sọ́ńbì ń lé nínú ìtàn, àwọn tó ń gbé ìtàn náà sáfẹ́fẹ́, àti Ueda pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀ tí a kò rí títí di ìparí. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n gbìyànjú láti ya ìran gígùn yẹn, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà la sì wò. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sí ojú kámẹ́rà kò sí nínú ètò wọn. Ó ṣèèṣì ta síbẹ̀ ni, ayakámẹ́rà gidi sì nù ún kó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Àṣìṣe gidi àti àṣìṣe tí wọ́n kọ sínú ìwé wá jókòó pa pọ̀ nínú fíìmù kan, èèyàn ò sì lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọmọ Àǹtí béèrè lọ́wọ́ mi pé èló ni fíìmù náà pa. Mo sọ fún un pé oṣù November 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, ọjọ́ 6 péré. Ní oṣù April 2018 ó dé àjọ̀dún fíìmù ní Udine, ní Ítálì, àwọn òǹwòran dìbò, ó sì ṣe ipò kejì. Ní oṣù June ọdún náà, ó jáde fún gbogbo èèyàn ní Tokyo, ní ilé sinimá méjì péré. Àwọn tó wò ó ń sọ fún àwọn tí kò tíì wò ó, wọ́n ń pa àṣírí mọ́ fún wọn, wọ́n sì ń padà lọ wò ó. Ó dé ilé sinimá tó lé ní 300. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló wò ó ní Japan, owó tó sì pa lé ní bílíọ̀nù 3 yen. Ọmọ náà ṣírò rẹ̀ lórí ọwọ́, ó ní ìyẹn ju ìlọ́po 1,000 lọ. Ó ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ariwo kan tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà, torí pé eré orí ìtàgé kan ni Ueda ti rí irú ètò yìí kó tó kọ tirẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ pẹ̀lú kíkọ orúkọ Ueda àti ti ẹni tó ni eré orí ìtàgé náà sí ìtàn náà. Àwọn ará Faransé tún un ṣe pẹ̀lú owó tó pọ̀ gan-an, òun ni wọ́n sì fi ṣí àjọ̀dún fíìmù Cannes ní 2022. Lójú tèmi, owó yẹn pa á lára díẹ̀. Ẹni tó bá ní owó láti ra kírénì mìíràn kò níṣòro tó tó kó gun orí ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní apá kìíní jẹ́ ìyà téèyàn ń jẹ kó tó jẹ adùn. Mi ò gbà fún un, a sì jiyàn lé e lórí. Ìyà kọ́. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ọmọbìnrin tó gbé kámẹ́rà yẹn ṣe iṣẹ́ tó dára ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, igbe òṣèré yẹn gidi, sísáré wọn gba agbára. Iṣẹ́ àwọn èèyàn tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ bà jẹ́ ni, ohun tó sì jẹ́ kó rí wúruwùru ni pé wọn ò jẹ́ kó bà jẹ́.

Àṣìṣe tó jẹ́ tèmi lálẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Kí n tó tan fíìmù, mo ti sọ fún wọn pé, "Eléyìí á pa yín lẹ́rìn-ín." Kò yẹ kí n sọ ọ́. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń retí ẹ̀rín, ẹ̀rín kò sì tíì dé. Bí mo bá tún fẹ́ fi í ṣe àlejò, ohun tí màá sọ kò ní ju pé fíìmù sọ́ńbì ni, pé a ò ní dìde títí á fi parí. Màá gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Mi ò ní gbé oúnjẹ jáde nígbà tí orúkọ bá kọ́kọ́ ń jáde, torí ẹni tó bá dìde nígbà náà á pàdánù ọ̀rọ̀ tó ní oṣù kan ṣáájú ni a wà. Mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìpolówó rẹ̀ ṣáájú. Fún ọmọdé, ọmọ ọdún 15 wò ó láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n apá já, orí bọ́, èébì wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀. Ọmọ kékeré kò ní mọ̀ pé eré nínú eré ni.

Aago 12 ti kọjá nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń múra àtilọ. Àbúrò mi kò dìde. Ó tún gbé rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, síbi tí ọmọbìnrin ti di àáké mú. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù sínú báàgì, ó sún mọ́ ọn.

"Wò ó," ó ń fi ìka hàn án kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lójú àwòrán, "ọkùnrin tó ń pariwo yìí, ìbínú gidi ni. Ṣùgbọ́n má tíì rẹ́rìn-ín. Dúró."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi bọ́ bàtà wọn padà.